Ohun tí Pupa Epo Kò Lè Sọ: Ìdílé Fítámì E láti Inú Ewéko dé Inú Ara Ènìyàn

Ní Dobcross, abúlé kan lórí òkè ní agbègbè Saddleworth, ní ìlà-oòrùn Manchester, epo pupa kì í pẹ́ dì nígbà òtútù. Ìgò tí ìdílé Yorùbá kan bá rà nílé ìtajà àwọn ará Áfíríkà ní ìgboro Manchester lè pín sí méjì lórí pẹpẹ ilé ìdáná kí ọ̀sẹ̀ tó parí: ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò dì, àwọ̀ rẹ̀ yóò sì ṣí díẹ̀, òkè rẹ̀ yóò mọ́ gaara, yóò sì pọ́n dẹ̀dẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí ìlú òkèèrè lè béèrè bóyá epo ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́ rárá. Òtútù ni ó ya ọ̀rá tí ó máa ń tètè dì sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó ń ṣàn. Ìbéèrè tí ó le ju èyí lọ ni ti àwọn àgbà irú ilé bẹ́ẹ̀. Dókítà ti ní kí wọ́n dín ọ̀rá kù. Ìbátan kan láti Ìbàdàn fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù pé fítámì E inú epo pupa kì í jẹ́ kí àìsàn ọkàn súnmọ́ ènìyàn. Ilé ìtajà oògùn sì ń ta fítámì E nínú hóró wẹ́wẹ́ tí ń dán bí wúrà. Ọ̀rọ̀ ta ni kí wọ́n tẹ̀ lé?

Ìdáhùn ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò sí, nítorí pé ohun tí wọ́n ń pè ní fítámì E ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í ṣe ohun kan náà. Ohun mẹ́jọ ni ó wà lábẹ́ orúkọ náà nínú ewéko. Ẹ̀dọ̀ ènìyàn fẹ́ràn ọ̀kan nínú wọn ju àwọn yòókù lọ. Ọ̀kan yìí ni ó sábà máa ń wà nínú hóró oògùn, nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn tí ẹ̀dọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kà sí ni ó pọ̀ jù nínú epo pupa. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọ̀ tí tẹrú tọmọ fi ń dá epo mọ̀ kì í ṣe àwọ̀ fítámì E. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí síbí epo kan ń ṣe nínú ara ní láti kọ́kọ́ ya àwọn nǹkan wọ̀nyí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Orúkọ kan, ohun mẹ́jọ

Ní ọdún 1922, ní Yunifásítì Kalifóníà ní Berkeley, Herbert Evans àti Katharine Bishop kíyè sí i pé àwọn eku tí wọ́n ń fi oúnjẹ àsèpọ̀ bọ́ ń lóyún, ṣùgbọ́n oyún náà kì í dàgbà dé ìbí. Nígbà tí wọ́n fi ewé lẹ́túùsì kún oúnjẹ àwọn eku náà, oyún dúró. Nígbà tí wọ́n lo ọlẹ̀ hóró àlìkámà, èyíinì ni apá inú hóró tí yóò hù bí a bá gbìn ín, oyún tún dúró. Ní 1936, Evans pẹ̀lú Oliver Emerson àti Gladys Emerson yọ ohun tí ń ṣiṣẹ́ náà jáde láti inú òróró ọlẹ̀ àlìkámà. Wọ́n sọ ọ́ ní tocopherol, orúkọ tí wọ́n fa yọ láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì tí ó jẹ mọ́ ọmọ bíbí àti gbígbé. Ní 1938, Paul Karrer ṣe é ní yàrá ìwádìí rẹ̀ ní Zurich.

Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá yóò ti máa ronú kan abíwẹ̀rẹ̀. Àfiwé náà dùn, ṣùgbọ́n ó lè ṣini lọ́nà. Eku ni ìwádìí 1922 dá lé lórí. Kò sí ẹ̀rí tí ó dúró ṣinṣin títí di òní pé fífi fítámì E kún oúnjẹ obìnrin tí ara rẹ̀ kò ṣàìní rẹ̀ ni yóò mú un lóyún tàbí bímọ wẹ́rẹ́. Orúkọ náà dúró síbẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni kò bá ènìyàn mu.

Orí àti ìrù ni mólékù kọ̀ọ̀kan nínú ìdílé yìí ní. Orí ni ó ń ṣiṣẹ́. Ìrù ni ó fi ń wọ inú ọ̀rá, tí ó fi ń jókòó síbẹ̀. Ẹ̀ka kéékèèké máa ń wà lára orí náà: mẹ́ta ni ti alpha, méjì ni ti beta àti ti gamma (ibi tí àwọn ẹ̀ka náà wà ni ó fi wọ́n yàtọ̀ síra), ọ̀kan péré sì ni ti delta. Bí ìrù bá jẹ́ èyí tí kò ní ìsopọ̀ onílọ̀ọ́po-méjì kankan, tocopherol ni. Bí ó bá ní irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ibi mẹ́ta, tocotrienol ni. Orí mẹ́rin, ìrù méjì: bí wọ́n ṣe di mẹ́jọ nìyẹn.

Ibi tí wọ́n ti yanjú ọ̀rọ̀ ìrù yìí yóò dùn mọ́ ẹni tí ó bá mọ ìtàn òwò epo. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Liverpool ni èbúté tí epo pupa láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ń gúnlẹ̀ jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọṣẹ àti àbẹ́là ni wọ́n ń fi epo náà ṣe, wọ́n sì ń fi í pa ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ àti ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin kí wọ́n má baà họ ara wọn. Dobcross pàápàá jẹ́ abúlé ahunṣọ; ilé iṣẹ́ Hutchinson àti Hollingworth tí ó wà níbẹ̀ ni ó ṣe òfì onírin tí wọ́n ń fi orúkọ abúlé náà pè. Ní agbègbè bẹ́ẹ̀, ohun ẹ̀rọ àti ohun ìfọṣọ ni epo ọ̀pẹ, kì í ṣe ohun ọbẹ̀. Ní 1964 àti 1965, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Liverpool, tí J. F. Pennock àti R. A. Morton wà lára wọn, tẹ ìwádìí tí ó tún ìdílé fítámì E tò jáde. Wọ́n fi hàn pé àwọn kan tí a ti ń fi orúkọ tocopherol pè tẹ́lẹ̀, tocotrienol gan-an ni wọ́n, wọ́n sì rí wọn nínú oje igi rọ́bà. Èbúté tí ó fi ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ já epo ọ̀pẹ sílẹ̀ ni ó wá ní ọwọ́ nínú fífi orúkọ sí ohun tí ó pọ̀ nínú rẹ̀.

Ìdí tí igi fi ń ṣe é

Ènìyàn kò lè ṣe fítámì E nínú ara rẹ̀. Ẹranko yòókù náà kò lè ṣe é. Ewéko àti àwọn ohun alààyè mìíràn tí ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se oúnjẹ ni ó ń ṣe é, wọn kò sì ṣe é nítorí ènìyàn.

Ọ̀rá tí ń ṣàn máa ń tètè kan nítorí pé ìsopọ̀ onílọ̀ọ́po-méjì inú rẹ̀ ni ọ́síjìn máa ń gbá mú. Èyí tí ọ́síjìn bá gbá mú kì í dá jìyà; òun náà á gba tara aládùúgbò rẹ̀, aládùúgbò náà á gba ti ẹlòmíràn, bí iná ọ̀gbẹlẹ̀ ṣe ń ti orí koríko kan fò sí òmíràn. Orí tocopherol ni ó ń dá iná náà dúró. Ó ń fi ẹyọ háídírójìn kan sílẹ̀ fún ọ̀rá tí ń jó, iná náà á sì kú sọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ kì í tètè ran ẹlòmíràn. Fítámì C, tí ó ń gbé inú omi ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀rá náà, lè dá ohun tí ó fi sílẹ̀ padà fún un kí ó lè tún ṣiṣẹ́.

Nínú ewé, ibi tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ti ń dá ìjàǹbá sílẹ̀ lójoojúmọ́, alpha-tocopherol ni ó pọ̀ jù, inú àwọn yàrá aláwọ̀ ewé gan-an ni ó sì wà. Nínú ọ̀pọ̀ hóró èso, gamma ni ó ń ṣíwájú. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí nínú ẹ̀gúsí àti nínú soya. Tocotrienol kò pọ̀ káàkiri. Inú hóró ọkà bí ọkà báálì, ìrẹsì àti àlìkámà, àti nínú ọ̀pẹ, ni a ti ń rí i dáadáa. Ní 2004, àwọn onímọ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí ewéko kékeré kan tí ń jẹ́ Arabidopsis, èyí tí wọ́n ti ba agbára rẹ̀ láti ṣe tocopherol jẹ́. Hóró rẹ̀ tètè gbó, ọ̀pọ̀ nínú èyí tí ó sì hù kò gbádùn, nítorí pé ọ̀rá tí ó yẹ kí ó jẹ́ oúnjẹ ọlẹ̀ ti ń kan. Ẹni tí ó bá ti ra ẹ̀gúsí tí ó pẹ́ ní àká, tí ó sì korò lẹ́nu, ti tọ́ irú iná yìí wò.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ ní mímọ̀ nípa ìrù tocopherol. Àwọ̀ ewé náà ní irú ìrù bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ewé bá ń gbó, tí àwọ̀ rẹ̀ ń ṣí, ewéko a máa yọ ìrù náà lára àwọ̀ ewé tí ń túká, a sì fi í ṣe tocopherol tuntun. Igi kì í fi nǹkan ṣòfò.

Èso kan, òróró méjì

Ẹyìn kan ni ó ń fún Yorùbá ní epo àti àdín. Láti ara ẹran èso ni epo ti ń wá. Láti inú èkùrọ́ ni àdín ti ń wá. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé awẹ́ èkùrọ́ ni ó ya méjèèjì nípá, ìyàtọ̀ wọn pọ̀. Nínú kílógíráàmù epo pupa kan tí a kò tíì fi ẹ̀rọ sọ di funfun, fítámì E sábà máa ń wà láàárín mílígíráàmù 600 sí 1,000, nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sì jẹ́ tocotrienol. Díẹ̀ ni ti àdín. Síbẹ̀ àdín kì í tètè kan, ìdí rẹ̀ sì ṣe kedere sí ẹni tí ó bá ti lóye ọ̀rọ̀ iná òkè yìí: ọ̀rá líle ni ó pọ̀ jù nínú àdín, koríko tí iná lè gbá mú kò sì pọ̀ níbẹ̀. Ẹran èso ọ̀pẹ ní ọ̀rá tí ń ṣàn púpọ̀, oòrùn sì ń pa á lórí igi. Igi náà fi olùṣọ́ sí ibi tí ewu wà.

Àwọ̀ ńkọ́? Carotene ni ó pọ́n, ẹbí ohun tí ó fún kárọ́ọ̀tì ní àwọ̀ ọsàn. Nǹkan bí mílígíráàmù 500 sí 700 rẹ̀ ni ó máa ń wà nínú kílógíráàmù epo kan, ara ènìyàn sì ń sọ apá kan nínú rẹ̀ di fítámì A. Iṣẹ́ ńlá ni èyí fún ojú àti fún ara ọmọdé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni. Tocopherol àti tocotrienol fúnra wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àwọ̀. Òróró tí ó rẹ̀ dòdò bí oyin fẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n.

Ohun tí ó tẹ̀ lé èyí máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Púpọ̀ nínú òróró funfun tí wọ́n ń tà ní ọjà Nàìjíríà, tí a fi ń din dòdò àti àkàrà, epo ọ̀pẹ ni í ṣe. Ilé iṣẹ́ ni ó fi amọ̀ àti ooru mú carotene rẹ̀ kúrò pátápátá. Fítámì E inú rẹ̀ kò lọ tán bẹ́ẹ̀; apá tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ ń dúró, apá kan sì ń bá ooru gòkè lọ sínú ohun tí ilé iṣẹ́ ń gbá jọ lẹ́yìn fífọ epo. Láti inú ohun àgbájọ yìí ni wọ́n ti ń yọ tocotrienol tí wọ́n ń tà nínú hóró oògùn. Nítorí náà, òróró tí kò pọ́n rárá lè ní fítámì E, nígbà tí epo tí ó pọ́n lè ti pàdánù púpọ̀ nínú tirẹ̀ bí ó bá ti pẹ́ nínú oòrùn lórí àtẹ.

Ti ilé ìdáná yàtọ̀ sí ti ilé iṣẹ́. Ẹni tí ó bá ń se ọbẹ̀ ayamáṣe fún ìrẹsì Ọ̀fadà a máa gbé epo kaná nínú ìkòkò tí ó dé pa títí pupa rẹ̀ yóò fi ṣí. Kò sí afẹ́fẹ́ tí wọ́n fà kúrò níbẹ̀, kò sí òṣùwọ̀n ooru, èéfín a sì máa rú. Carotene lọ, fítámì E náà ń lọ, ọ̀rá sì ń bàjẹ́ lákòókò kan náà. Adùn ọbẹ̀ náà kò ní àríyànjiyàn. Ohun tí kò yẹ ni kí ẹnikẹ́ni máa ka irú epo bẹ́ẹ̀ mọ́ ohun tí ń fún ara ní fítámì.

Ewu tí ó wà nínú fífi ojú wọn epo kò mọ sí orí ọ̀rọ̀ fítámì. Àwọn oníṣòwò aláìṣòótọ́ mọ̀ pé pupa ni oníbàárà ń wò, wọ́n sì ń da aró kan tí ń jẹ́ Sudan IV sínú epo tí ó ti ṣá tàbí tí ó ti gbó. Aró ilé iṣẹ́ ni. Òfin kò gbà á láàyè nínú oúnjẹ, nítorí ìfura pé ó lè fa jẹjẹrẹ. Ní oṣù Karùn-ún 2005, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà nínú rẹ̀ nígbà náà, gbé ìpinnu pàjáwìrì jáde tí ó pàṣẹ pé kí epo ọ̀pẹ tí ń wọlé ní ìwé ẹ̀rí pé kò sí irú aró bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀. Orúkọ epo ọ̀pẹ wà nínú ìpinnu náà pẹ̀lú ti ata gígùn àti ata ilẹ̀ pupa. NAFDAC náà ti kìlọ̀ nípa rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹni tí ó ń fi pupa yan epo ni ẹni tí irú oníṣòwò bẹ́ẹ̀ ń wá.

Ẹ̀dọ̀ tí ń yan ọ̀kan

Gbogbo àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ni ó ń bá ọ̀rá oúnjẹ wọ inú ara láti inú ìfun. Bí kò bá sí ọ̀rá nínú oúnjẹ, díẹ̀ ni ń wọlé. Epo inú ẹ̀fọ́ rírò kò kàn wà fún adùn nìkan. Ẹ̀dọ̀ ni ibi tí ọ̀nà ti pín. Purotéènì kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mú fítámì E padà sínú ẹ̀jẹ̀. Bí a bá fi 100 ṣe òṣùwọ̀n bí ó ṣe ń di alpha-tocopherol mú tó, ti gamma kò ju nǹkan bí 9 lọ, ti alpha-tocotrienol sì jẹ́ nǹkan bí 12. Àwọn tí kò dì mú, ẹ̀dọ̀ á gé ìrù wọn kúrú, ara á sì dà wọ́n nù pẹ̀lú ìtọ̀ àti ìgbẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn àjọ tí ń ka fítámì fi ń ka alpha-tocopherol nìkan, tàbí tí wọ́n fi ń ka àwọn yòókù ní ìdínkù.

Ìwúlò purotéènì yìí hàn jù lára àwọn tí a bí láìní èyí tí ń ṣiṣẹ́. Ní 1995 ni wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìbàjẹ́ apilẹ̀-àbùdá rẹ̀ ni ó ń fa àìsàn kan tí a ti rí nínú àwọn ìdílé ní Tùnísíà àti ní àyíká Òkun Mẹditaréníà. Ẹni tí ó ní i ń jẹun bí ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n bí ó ti ń dàgbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní dúró gírí mọ́, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ á sì lọ́, nítorí pé iṣan ara rẹ̀ ń bàjẹ́. Alpha-tocopherol púpọ̀ lójoojúmọ́ ni ìtọ́jú rẹ̀, bí a bá sì tètè bẹ̀rẹ̀, ó lè dá àìsàn náà dúró. Yàtọ̀ sí irú wọn, àwọn tí àìní fítámì E máa ń bá ni àwọn tí ara wọn kò lè gba ọ̀rá, bí àwọn tí ọ̀nà òróòro wọn dí, àti àwọn ọmọ tí a bí láìpé oṣù. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le tí ó sì ń jẹun déédéé kì í sábà ní in.

Iye tí ó tó kò pọ̀. Ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, NHS, ní mílígíráàmù 4 lójúmọ́ tó fún ọkùnrin, 3 sì tó fún obìnrin. Amẹ́ríkà gbé tirẹ̀ sí 15 fún àgbàlagbà, àlàfo tí ó fi hàn pé àwọn onímọ̀ fúnra wọn kò tíì fẹnu kò. Síbí ńlá epo pupa kan wọn nǹkan bí gíráàmù 14, ó sì ní nǹkan bí mílígíráàmù 2.2 alpha-tocopherol. Èyí kò jìnnà sí ti òróró ẹ̀pà àti ti òróró ólífì. Òróró sunflower ju ìlọ́po méjì èyí lọ, ó tó 5.6 nínú síbí kan náà. Ẹ̀pà ẹ̀kún ọwọ́ kan, gíráàmù 30, ní nǹkan bí 2.5. Spinach, tí ọ̀pọ̀ ìdílé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń rọ́pò tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ, ní nǹkan bí 2 nínú gíráàmù 100.

Ibi yìí ni ọ̀rọ̀ dókítà ti wọlé. Nǹkan bí ìdajì epo pupa jẹ́ ọ̀rá líle, irú èyí tí ń mú kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù inú ẹ̀jẹ̀ gòkè. Síbí ńlá kan ní nǹkan bí gíráàmù 6.7 rẹ̀. Ìmọ̀ràn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí obìnrin má ju 20 lọ lójúmọ́, kí ọkùnrin má sì ju 30. Síbí mẹ́ta nínú àwo ẹnì kan ti gba gbogbo ti obìnrin tán, kí a tó ka ẹran àti bọ́tà. Bí ó bá jẹ́ ti fítámì E nìkan ni, òróró sunflower ṣe é ju epo pupa lọ, kò sì yẹ kí ìfẹ́ ilé mú ẹnikẹ́ni sọ òdìkejì. Ohun tí epo pupa ní tí sunflower kò ní ni carotene àti tocotrienol.

Tocotrienol ni ìbátan tí ó ti Ìbàdàn fi ohùn ránṣẹ́ ń sọ, bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Ìròyìn rẹ̀ kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ní 1986, Asaf Qureshi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yọ alpha-tocotrienol láti inú ọkà báálì, wọ́n sì rí i pé ó ń dí ọ̀nà tí ẹ̀dọ̀ fi ń ṣe kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù. Ní 2000, Chandan Sen àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ìwọ̀nba kínún rẹ̀ ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì iṣan ọpọlọ nínú àwo ìwádìí. Àwo ìwádìí àti ẹ̀dọ̀ ẹran ni púpọ̀ nínú èyí ti wáyé. Lára ènìyàn, àbájáde kò ṣọ̀kan. Ọ̀nà jìn láti ibẹ̀ dé orí pé síbí epo yóò wo àìsàn ọkàn.

Hóró tí ń dán

Ẹni tí ó bá fi epo sílẹ̀ tí ó sì di hóró oògùn mú kò bọ́ nínú ìṣòro. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí hóró náà pọ̀ ju ti epo lọ, àbájáde rẹ̀ sì burú ju bí àwọn olùpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ṣe retí. Ní Finland, àwọn ọkùnrin 29,133 tí ń mu sìgá, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 50 sí 69, gba mílígíráàmù 50 alpha-tocopherol, tàbí carotene, tàbí méjèèjì, tàbí hóró òfìfo. Nígbà tí èsì jáde ní 1994, fítámì E kò dín jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kù. Ní ti carotene, jẹjẹrẹ náà fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i láàárín àwọn tí ó gbà á. Ohun méjì tí a ń yìn nínú epo pupa ni wọ́n fi dán wò ní ìhòòhò, láìsí oúnjẹ tí ó yí wọn ká, wọn kò sì ṣe ohun tí a retí.

Èyí tí ó kan àwọn ènìyàn dúdú jù ni ìwádìí SELECT. Àwọn ọkùnrin 35,533 ní Amẹ́ríkà, Kánádà àti Puerto Rico ni ó kópa nínú rẹ̀. Wọ́n gba àwọn ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú wọlé láti ọmọ 50 ọdún, àwọn yòókù láti 55, nítorí pé jẹjẹrẹ prostate máa ń tètè bá àwọn aláwọ̀ dúdú jà. Mílígíráàmù 400 fítámì E àtọwọ́dá ni wọ́n ń fún àwọn kan lójúmọ́, tí í ṣe ìlọ́po 100 iye tí NHS ní ó tó fún ọkùnrin. Ìrètí ni pé yóò dènà jẹjẹrẹ náà. Ní 2011, ìròyìn jáde pé jẹjẹrẹ prostate fi ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i lára àwọn tí ó gba fítámì E nìkan, ju ti àwọn tí ó gba hóró òfìfo lọ. Baba tí ó ti lé ní 50 ọdún, tí ó ń ra hóró náà fúnra rẹ̀ láìsọ fún dókítà, yẹ kí ó gbọ́ èyí kí ó tó ra ìgò mìíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, nítorí pé fítámì E púpọ̀ lè fi kún agbára rẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi máa dà.

Fún ilé tí ìgò epo rẹ̀ ti pín sí méjì, ọ̀rọ̀ tí ó kù kò pọ̀. Carotene àti fítámì E máa ń bá ọ̀rá tí ń ṣàn lọ. Òkè tí ó mọ́ gaara náà ni wọ́n pọ̀ sí jù, ìsàlẹ̀ tí ó dì sì ni ọ̀rá líle pọ̀ sí. Ẹni tí ó ń da òkè nìkan lónìí yóò bá ìsàlẹ̀ pàdé lọ́jọ́ iwájú. Bí wọ́n bá fẹ́ kí síbí kọ̀ọ̀kan rí bákan náà, kí wọ́n gbé ìgò náà sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ títí epo yóò fi yọ́, kí wọ́n gbọ̀n ọ́n dáadáa kí wọ́n tó dà á, kí wọ́n sì dá a padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé kò dé.